Àwọ̀ Aláǹgbá Nírọ̀lẹ́

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: apọ̀dà yìí, tó ń po ọ̀dà tà, á kó sínú ìfẹ́, kò sì ní tètè mọ̀, torí ẹni tó gbójú lé ojú ara rẹ̀ jù kì í rí ohun tó wà níwájú.

Oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òróró aago lọ́wọ́. Aago ló ń tún ṣe lódìkejì títì. Ó na ọrùn, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ẹ káàsán. Ọ̀dà yàrá ni mo fẹ́. Kó bá ara mi mu.”

“Irú ara wo?”

“Aláǹgbá ni mí.”

Apọ̀dà ò rẹ́rìn-ín. Ọjà lọjà ń jẹ́. “Akọ àbí abo? Akọ lorí ẹ̀ ń pọ́n; abo, eérú ni.”

“Ẹ ti wo akọ rí nígbà tóòrùn bá ń wọ̀? Pupa á máa ṣá, eérú á máa wọlé. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo wà. Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan títí, ó sú wọn.”

Apọ̀dà po agolo ńlá kan, ó kọ “1” sórí ìdérí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà tún dé.

“Ó kù díẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́, á sì gbé agolo tuntun lọ. Ó kù díẹ̀. Ẹni tó ti ń fọ́nnu pé kò sí àwọ̀ tójú òun ò lè mú wá di ẹni tí ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó. Ó ń lé aláǹgbá kiri ara ògiri. Ó ń da pupa lé eérú, eérú lé pupa. Bí aago mẹ́rin bá lù, ọrùn rẹ̀ á yà sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá rẹ̀ ò lè mú un mọ́ra. “Ta ni kinní tó ń mi orí yẹn? Ìyàwó lo fẹ́ mú wá fún mi ni, àbí ọkọ?”

“Màmá, aláǹgbá ni.”

“Ó dáa. Yan ọ̀kan: ilé mi, tàbí ara ògiri.”

Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé agolo kọkàndínlógún lérí, ó sọdá títì.

“Bí èyí náà ò bá bá ọ mu, ojú mi ti fọ́ nìyẹn. Àmọ́ jọ̀ọ́, jẹ́ kí n máa gbé níbi tí màá ti máa rí ọ.”

Orí mì lẹ́ẹ̀mẹta. “Apọ̀dà mi, wọlé. Yàrá yìí gba ẹni méjì.”

Ó wọlé. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gba ọ̀dà, pupa tó ń ṣá sínú eérú, eruku sì ti ń bà lé e. Agolo méjìdínlógún wà lábẹ́ fèrèsé. Èyí tó kọ “1” sí ti ṣófo. Kò sẹ́ni tó tíì ṣí mẹ́tàdínlógún yòókù.