Àgbá Tí Wọ́n Yìn Nírọ̀lẹ́ Ìtúnu

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní àlọ́, kò burú. Àwọn tó dúró létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Kí ohunkóhun tó yí padà, Sàlímọ́nù jókòó lórí àpótí létí omi, ó ń fi àkísà tó rin fún epo nu ara àgbá rẹ̀. Ààwẹ̀ ti mú ètè rẹ̀ gbẹ. Gbogbo ìlú ń wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, bóyá wọn yóò rí oṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa nù ún," ni Bísíríyù wí, ẹni tí wọ́n jọ ń yin àgbá. "Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wá fẹ́ ẹ lọ́wọ́ yín."

"Ó sàn jù ọ́ lọ. Òun kì í béèrè oúnjẹ kí oòrùn tó wọ̀."

Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pe àgbá náà, torí bó ṣe kúrú, tó lóṣòó sórí ìtì pákó, tó la ẹnu sókè. Bí wọ́n bá fi igi há a nídìí tí ẹnu rẹ̀ dẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ọta rẹ̀ a lọ jìnnà sí àárín ọ̀sà. Bí wọ́n bá yọ igi náà tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ọta a gòkè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, a sì já bọ́ sójú ọ̀nà ọkọ̀ nítòsí èbúté. Bó bá gòkè báyẹn, àwọn ayìnbọn kì í wò ó. Fátíhà ni wọ́n ń ké, láìkánjú. Bí wọ́n bá dé "àmín", omi a dún. Kì í yẹ̀.

Láti Èkó ni Sàlímọ́nù ti gbé e wá, nígbà tí ogun òyìnbó lé wọn kúrò níbẹ̀. Ohun mìíràn tó mú wá kò pọ̀: ẹní, tẹ̀súbáà, àti Sèlíátù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò bá wọn dé Ẹ̀pẹ́. Ọta tó ti inú ọkọ̀ ogun òyìnbó wá ló bọ́ lé e lórí nínú àgbàlá. Láti ìgbà náà, bí Sàlímọ́nù bá yin àgbá, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Sèlíátù ti wà nílé ọkọ ní Ìkòròdú. Ó lóyún, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun yóò wọ ọkọ̀ ní èbúté Ìpakodò, kí òun wá bímọ sílé bàbá òun. Ọ̀la ni Sàlímọ́nù ń retí rẹ̀.

Ariwo sọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Oṣù ti yọ, tín-ín-rín bí èékánná ọmọ ọwọ́. Lèmọ́mù ránṣẹ́ pé kí wọ́n yin àgbá, kí àwọn abúlé òdìkejì lè mọ̀ pé ààwẹ̀ ti parí.

Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n máa ń kì sí Ọ̀pọ̀lọ́ fún ọdún. Wọn a fi awọ ewúrẹ́ dì í lẹ́nu kó lè dún dáadáa. Nígbà tí Sàlímọ́nù dé lówùúrọ̀, ó bá awọ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé Bísíríyù ti kì í. Nígbà tí Bísíríyù dé lọ́sàn-án, òun náà rí awọ. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n ti kì í. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.

Sàlímọ́nù fi iná sí i.

Ìró náà wúwo jù. Ìtì pákó rì sínú yanrìn. Ohun dúdú kan fò jáde láàárín awọ tó ya, ó ń gòkè.

"Bísíríyù."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló yọ ọta ọjọ́sí?"

Bísíríyù wo awọ tó ya nílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ eléèéfín òyìnbó kọjá ni wọ́n ti ki ẹ̀tù àti ọta sí i fún ogun, tí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sókè, tí wọ́n fi awọ dì í nítorí òjò. Ọkọ̀ náà bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tú awọ láti ìgbà náà.

Fọlákẹ́, tó ń yan ẹja ní èbúté, nàka sójú omi. "Ọkọ̀ Múdàṣírù nìyẹn. Bàbá Sèlíátù, ọmọ yín ló jókòó síwájú yẹn."

Ojú ọ̀nà náà gan-an ni ọkọ̀ wà.

Sàlímọ́nù fẹ́ kígbe. Fátíhà ló bọ́ sí i lẹ́nu. Bísíríyù bá a ké e. Àwọn tó wà létí omi bá wọn ké e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà ní òpin rẹ̀. Wọ́n fà á. Wọ́n fà á títí kò fi ṣeé fà mọ́.

"Àmín."

Omi kò dún.

Wọ́n dúró. Ìgbì kò lu etí omi mọ́. Kọ̀ǹkọ̀ inú koríko dákẹ́. Iná Fọlákẹ́ ń jó, kò ta. Ẹnì kan gbójú sókè. Ohun dúdú náà wà lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù, ó kéré bí hóró ọkà bàbà. Kò gòkè. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀ sí i, wọn kò rí i mọ́.

"Ẹ má sọ̀rọ̀," ni Fọlákẹ́ wí, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ ń bọ̀. Àjẹ̀ ń wọ omi, ó ń jáde, kò dún. Ìgbà tí imú ọkọ̀ kan yanrìn ni ìró tó padà: ìgbì, kọ̀ǹkọ̀, èémí èèyàn. Sàlímọ́nù ti wà nínú omi dé itan. Ó di ọmọ rẹ̀ mú lápá méjèèjì.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe nínú omi?"

"O ní ọ̀la lò ń bọ̀."

"Múdàṣírù ló ní afẹ́fẹ́ dára."

Múdàṣírù, atukọ̀ tó máa ń fi gbogbo èbúté ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó gúnlẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Òkè ló ń wò.

"Kí lẹ rí lọ́nà?" ni Bísíríyù béèrè.

"A ò rí nǹkan kan," ni Sèlíátù wí. "A gbọ́ àgbá. Ìtútù wá bò wá, bí ìgbà téèyàn wọ abẹ́ igi. Mo wá gbọ́ ẹni tó ń ké Fátíhà."

"Àwa ni."

"Lókè orí wa ni. Ohùn obìnrin."

"Obìnrin wà láàárín wa."

"Ẹ̀yin parí tiyín, mo gbọ́ àmín yín. Tirẹ̀ kò parí. Bó bá dé ibì kan, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Ibo ló ń dé?" ni Sàlímọ́nù béèrè.

Sèlíátù ké e dé ibẹ̀. Ó dúró.

Sàlímọ́nù jókòó sínú omi.

Àwẹ̀ró ti dàgbà kó tó gba ẹ̀sìn. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní Fátíhà. Kò kọjá ibẹ̀ rí. Bó bá ti dé ibẹ̀, a gbàgbé, a rẹ́rìn-ín, a ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Sèlíátù kéré nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí. Sàlímọ́nù kò sọ fún un nírọ̀lẹ́ yẹn náà. Ó kàn ní kó máa bọ̀ nílé, pé omi tutù.

Wọ́n fi àwọ̀n wá ọta náà nísàlẹ̀ omi. Wọ́n bi àwọn abúlé òdìkejì. Kò bọ́ sóko ẹnikẹ́ni. Sèlíátù bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Rọ̀kíbátù. Ọmọ náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Bísíríyù fi ní Ẹ̀pẹ́ ti ní àgbá mìíràn.

Àwọn atukọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ojú ọ̀nà náà. Sàlímọ́nù kò yà fún un. Nígbà mìíràn, bí oṣù tuntun bá yọ, a ní kí Múdàṣírù gbé òun dé ibẹ̀, a fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, a kọjú sókè. Kò sọ ohun tó ń gbọ́. Bó bá dé, a ní ebi ń pa òun, a jẹun yó.

Ó ti kú báyìí, Bísíríyù náà ti kú. Àwọn ọmọ Rọ̀kíbátù ń kó ẹja lọ sí Ìpakodò, ojú ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ń gbà lọ, tí wọ́n ń gbà bọ̀. Òjò ti jẹ ìtì pákó tán. Ọta náà kò tíì bọ́ sílẹ̀.