Eérú Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìsémọ́

Inú ilé ni gbogbo èèyàn rò pé Agbóòórùn yóò ti ké, kò sì ké. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí, ni ó tó fi igbe ta bí ọmọ tí agbọ́n ta.

Agbóòórùn ni ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ fi ń gbóòórùn oró. Kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, ó ní imú gígùn kan, bí oró bá sì wà níbì kan, kó má ju èyí tí èèrà kan lè gbé lọ, dandan ni kó ké. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni Mosúnmọ́lá, onímọ̀-ẹ̀rọ tí ìjọba rán wá, fi gbé e yí inú Ilé Ìsémọ́ tó wà ní Òkè-Àgùnlá ká. Ó gbé e sára ògiri, ó tì í bọ inú gọ́tà, ó tilẹ̀ gun àkàbà lọ gbé e sí òkè àjà. Agbóòórùn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú Àrínpé, ìyá àgbà tó ti ń ṣọ́ ilé náà láti ọdún mọ́kàndínlógún, dùn débi pé ó ti ń wo ibi tí yóò kọ́ ilé ìdáná rẹ̀ sí. Ọjọ́ keje ni wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá," ni Mosúnmọ́lá wí, ojú rẹ̀ ti yí padà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ń sé mọ́bẹ̀. Láyé ìgbà náà, tí èèyàn ń jẹun àárọ̀ l'Ékòó tí ó sì ń jẹ tọ̀sán lórí òṣùpá, òkúta-iná ni wọ́n fi ń wa gbogbo ọkọ̀ òfúrufú. Òkúta-iná dára, kì í rú èéfín, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹun kò lè ṣe kó má yàgbẹ́, eérú sì ni òkúta yìí ń yà. Eérú náà kúnná bí èlùbọ́, ó wúwo bí òjé, ẹni tó bá sì ń fà á símú, kíndìnrín rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè rẹ̀. Gbogbo ìlú ló fẹ́ ọkọ̀, kò sí ìlú tó fẹ́ eérú. Àwọn ará Òkè-Àgùnlá nìkan ló gbà á. Wọ́n fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí ẹ̀yìn òkè, lórí àdéhùn pé bí iṣẹ́ bá parí, wọn yóò gba ilẹ̀ wọn padà.

Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ kì í ṣe ilé lásán. Ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ilẹ̀ rẹ̀ náà jẹ́ ìpele méjì, kí ohun tó bá jò nínú ti òkè lè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé. Ilé náà a máa fa afẹ́fẹ́ sínú láti ẹnu ọ̀nà tọ̀sán-tòru, kì í sì í mí síta àfi láti orí òrùlé, níbi tí asẹ́ ńlá kan ti ń gba eérú dúró. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí ọgbọ́n dá. Wọ́n yọ́ eérú náà di gíláàsì, wọ́n sì kó o lọ sínú ihò jíjìn kan ní aṣálẹ̀. Ilé Ìsémọ́ ṣófo. Ó wá ku kí wọ́n tì í.

Ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀ fún títì rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, wọn yóò wó o, wọn yóò sì dá ilẹ̀ padà fún onílẹ̀. Títì mímọ́ nìyẹn. Bí oró bá ti jáde tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọ̀nà tó gbà, wọn yóò da kọnkéré bo ilé, àgbàlá àti oko tó yí i ká, èèyàn kankan kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ń pe ìyẹn ní títì sàréè. Àrínpé ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó mọ ohun tí ọgọ́ta ọdún túmọ̀ sí fún òun.

Ní ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ Ògúnṣuyì gun òkè wá pẹ̀lú àwọn àgbààgbà mẹ́rin. Kò dúró kí wọ́n kí i tán.

"Ọmọbìnrin yìí, kí ni mo gbọ́? Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ń jẹ iṣu ẹ̀yìn òkè tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ ní ká dúró, a dúró. Ẹ wá gbé ìkòkò onímú gígùn dé, ẹ ní ó ké, ẹ ní kí àwa máa lọ?"

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde. "Baba, ẹ má bínú. Kì í ṣe igbe rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Mi ò mọ bí oró ṣe débẹ̀ ni. Ilé yìí kì í mí síta láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá lè jáde níbi tí kò sí ọ̀nà, ta ló lè búra pé kò tíì dé odò? Bí mo bá fọwọ́ sí i pé ó mọ́, tí ọmọ yín wá mu omi rẹ̀ ńkọ́?"

"Nígbà tí ẹ̀ ń kó o bọ̀, ẹ ò béèrè odò!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Mosúnmọ́lá, nítorí òótọ́ ni.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Afarawé bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ nínú ilé. Afarawé ni ẹ̀rọ tí ń gbálẹ̀. Wọn kì í kọ òfin fún un, ohun tó bá rí lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ló ń ṣe títí ayé. Àrínpé ló kọ́ ọ, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí eérú kankan tó wọ ilé náà. Láti ìgbà yẹn, yàrá ìwòran tó wà lókè ni olùṣọ́ gbọ́dọ̀ wà bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí ẹ̀rọ sì ń gbálẹ̀, kí ó máa wo aago afẹ́fẹ́. Òní ni Àrínpé kọ́kọ́ dúró níta wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó wò ó bó ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tó tẹ̀ síwájú, tó fi ọwọ́ òsì lé ìbàdí irin rẹ̀. Ó gbá ẹ̀yìn ilé wá sínú gọ́tà tó wà láàárín, bí òfin ṣe wí. Ó gbá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síbẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, tó ku díẹ̀ tín-ín-tín lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó yí ọwọ̀ padà, ó sì gbọ̀n ọ́n síta, fìrì!

Ìyá ara rẹ̀ ni Àrínpé rí yẹn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń parí ilẹ̀ gbígbá láràárọ̀ nìyẹn, tí òun náà sì ń ṣe é láti ìgbà tó ti tó ọwọ̀ gbé. Ọmọ tó bá fi ìdọ̀tí sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀lẹ ni. Àrínpé mọ òfin Ilé Ìsémọ́ lórí, pé inú ni kí wọ́n máa gbá gbogbo eérú sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kàwé. Afẹ́fẹ́ ń fa èyí tó fúyẹ́ padà, èyí tó wúwo sì ń balẹ̀ síta, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Kí n má purọ́ fún yín, ó wù ú kó dákẹ́. Lọ́la ni wọn yóò pa ẹ̀rọ Afarawé tì, torí ilé ti ṣófo, ọ̀rọ̀ yóò sì bùṣe. Ní ẹ̀yìn òkè, bí wọ́n bá fẹ́ yin ìyàwó tuntun, wọ́n á ní ilé rẹ̀ mọ́ bí ilé Àrínpé. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ da irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nù? Ó wo ojú Baálẹ̀, ó wo oko tó ti di igbó lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ dákẹ́ ariwo. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Mosúnmọ́lá kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n da èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí Afarawé gbá a. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀wọlé, ní ibi gan-an tí Agbóòórùn ti ké. Mosúnmọ́lá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Ọ̀nà kan ṣoṣo ni! A ti mọ̀ ọ́n! Ibi tó gbà nìkan la máa gbẹ́!"

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ni Baálẹ̀ wí. Ó yíjú sí Àrínpé, wọ́n sì rò pé yóò bú u. "Dìde nílẹ̀. Ìta ni ìyá tèmi náà ń gbá a sí."

Wọ́n tẹ̀ lé Agbóòórùn. Òjò ló ti ń ṣan eérú náà sọ̀kalẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ẹní lọ. Wọ́n ń ri èèkàn pupa mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó gba abẹ́ táǹkì omi kọjá, ó yà sí apá òsì, ó sì dé ibi òkìtì kan tí wọ́n to òkúta yí ká. Ibẹ̀ ló parí sí. Lẹ́yìn rẹ̀, títí dé odò, Agbóòórùn kò ké mọ́.

Sàréè Akínbọ̀dé ni, ọkọ Àrínpé, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ilé náà kí ikú tó mú un lọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Òun ló ní kí wọ́n má gbé òun lọ sẹ́yìn òkè, pé òun fẹ́ ṣáájú gbogbo ìlú délé. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún un rọ̀ ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ó sì mu gbogbo ohun tí òjò ń gbé bọ̀. Kò jẹ́ kí ó dé odò.

"Ilẹ̀ tó bá ké, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ kó jìn tó ìdúró ènìyàn méjì," ni Mosúnmọ́lá wí. "Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀, inú àgbá ni, ó di ihò aṣálẹ̀."

Baálẹ̀ mi orí. "A kì í hú òkú baálé ilé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa da kọnkéré yín."

"Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?" ni Àrínpé bi Mosúnmọ́lá.

"Títì sàréè ni, Màmá. Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé mo lè bá a dé ihò náà?"

"Ẹ̀rọ nìkan ló ń wọ ibẹ̀."

Àrínpé jókòó ti òkìtì náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ibẹ̀ ló ti fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ, ó ń tu koríko ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sunkún, kò sì fi pamọ́. "Baba Bísóyè," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "wọ́n ní o ò jẹ́ kó dé odò. O ṣeun. Má bínú sí mi." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn àgbààgbà. "Ẹ hú u. Ìlú ni kó wọlé."

Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n wó ilé, wọ́n fọ òkúta, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀ tuntun dí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé títì, gbogbo ẹ̀yìn òkè ló ti ru ẹrù wá, ìdílé méjìlélógójì, ewúrẹ́ wọn, adìẹ wọn, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì rí ìlú bàbá wọn rí. Baálẹ̀ ti ń fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan wà. Mosúnmọ́lá gun orí àpótí kan, ó sì kà á sókè.

"A ti gbẹ́ ilẹ̀ yìí, a ti yẹ̀ ẹ́ wò, a sì ti tún un yẹ̀ wò. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́."

Ìlú hó yèè. Àrínpé náà hó, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tilẹ̀ fò díẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn tó dé etí rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀ tuntun náà, tó tẹ́jú, tí kò ní òkìtì kankan. Òótọ́ ni ìwé náà sọ. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì lọ bá ìyá ọlọ́mọ kan sọ ẹrù.