Ihò Ìmí Tí Merle Fi Ọ̀dà Dí

Ní àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí àwọn ará abúlé kan ní Wisconsin, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń mu kọfí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, Merle Tollefson dùbúlẹ̀ lábẹ́ katakata tí wọ́n fi ń gé koríko, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ àna.

"Jọ̀ọ́, má jò mọ́. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ọ́ìlì kán tó sí i níwájú orí.

Katakata kékeré náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Keje, gbogbo abúlé máa ń to katakata wọn tẹ̀lé ara wọn gba òpópónà kọjá, èyí tó bá rẹwà jù ló ń gba rìbọ́nì ẹ̀yẹ. Delphine Kubiak, aládùúgbò wọn, ló gbà á lọ́dún tó kọjá, oorun Merle ò sì dùn láti ìgbà náà. Ó ti fi ọ̀dà pupa kun katakata náà láti orí dé ìdí. Àpótí gíà tó wà lábẹ́ àga, tí ẹnikẹ́ni ò ní rí, ó kun ìyẹn náà. Òfin kan sì wà láàárín wọn tí ẹnì kan ò kọ sílẹ̀: ẹni tí ẹ jọ ń díje ò gbọdọ̀ rí katakata rẹ kí ọjọ́ náà tó pé.

Kò pẹ́ tí ọ̀dà gbẹ ni àpótí gíà bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì.

Merle pààrọ̀ rọ́bà roboto tó ń dí etí ọ̀pá táyà kí ọ́ìlì má baà jáde. Ó súfèé. Ó jó díẹ̀. Ó gun katakata yí ilé ká padà sí gáréèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò. Rọ́bà tuntun ti yọ síta bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn lójúde.

"Merle! Mo gbé páì wá fún yín o!"

Delphine ni. Obìnrin yìí ti tún ẹ̀rọ oko ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun, òun náà ló ń kọ́ àwọn ará agbègbè bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ tí kò fi ní ṣe é léṣe. Merle fò dìde, ó fa tapólì bo katakata. Ó wolẹ̀, ó rí i pé ọ́ìlì ti ṣe adágún lórí sìmẹ́ǹtì. Kò sí àkísà nítòsí. Ó bá jókòó lé e.

"Ilẹ̀ lo jókòó sí, àgbàlagbà bíi tìẹ?"

"Mo ń gba atẹ́gùn ni."

"Nínú gáréèjì?"

"Gáréèjì tiwa máa ń tutù."

Delphine fa atẹ́gùn símú. "Òórùn ọ́ìlì gíà ni mò ń gbọ́ yìí. Ṣé kì í ṣe pé ó ń jò?"

"Kí ló ń jò? Nǹkan kan ò jò!" Merle fi ìbínú dìde, ó yí ẹ̀yìn sí i láti fi ọwọ́ júwe ilé ìdáná tó máa gbé páì sí. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ dúdú kirikiri, ó ń kán tó, tó, tó.

Delphine rẹ́rìn-ín títí páì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bí kì í bá ṣe katakata ló ń jò, a jẹ́ pé ìwọ gan-an ni! Ẹ bá mi pe dókítà!" Ó nu omi ojú. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Kó o tó fọwọ́ kan rọ́bà kankan, kọ́kọ́ wo..."

"Áà! Abẹ́ tapólì mi lo fẹ́ wò! Ẹ̀tàn lo fi páì bò mọ́lẹ̀ wá síbí!"

"Merle, gbólóhùn kan péré ni."

"Gbé páì sílẹ̀, kó o máa lọ!"

Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ.

Ardis, ìyàwó Merle, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà látìgbà náà. "O ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. Èmi ni mo máa ń fi nǹkan yìí gé koríko gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìnkùlé o. Ṣé kò léwu?"

"Ewu wo? Bu ọ́ìlì sí i kó kún, kó o máa gé koríko rẹ lọ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ardis gbà á gbọ́. Ohun tó ń dun Merle jù títí dòní nìyẹn. Ká ní ó bá a jà ni, ì bá sàn.

Ọ́ìlì inú àpótí gíà irú katakata yìí ló ń ti táyà lọ, òun náà ló ń dì í mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí Ardis gùn ún dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ́ìlì tó bù kún un ti jò tán. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n katakata bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó tẹ bíréèkì. Ọ́ìlì ti ta sí bíréèkì náà, ó ń yọ̀.

Merle wà lójú fèrèsé, ó ń jẹ páì Delphine. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn sáré kọjá. Ó rò pé eré ni. Ó juwọ́ sí i.

Katakata dojú dé sínú kòtò.

Ardis ò kú. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, obìnrin tó ń jó ijó polka ní gbọ̀ngàn ìjọ títí olórin á fi máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí, dókítà sì ti ní kó má retí ijó mọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ́ katakata padà sílé, Merle fúnra rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn Delphine.

"Wá bá mi parí gbólóhùn ọjọ́sí."

Delphine ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó nu orí àpótí gíà mọ́, ó tọ́ka sí ihò bíńtín kan. "Wo ihò ìmí. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn." Ó fi èékánná ha á, èèpo ọ̀dà pupa ṣí kúrò lójú ihò náà. "Bí ọ́ìlì bá gbóná, á wú, atẹ́gùn inú àpótí á sì wá ọ̀nà jáde. O ti fi ọ̀dà dí i nímú. Ló bá ń ti rọ́bà síta. Bó o bá pààrọ̀ ọgọ́rùn-ún rọ́bà, gbogbo wọn ló máa yọ."

"Èékánná lásán lo fi ṣí i."

"Èékánná ni."

Merle jókòó. "Kí ló dé tí o ò pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn?"

"O ní kí n máa lọ."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àpótí gíà katakata yín bá ń jò, ẹ má gùn ún mọ́, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bíbu ọ́ìlì kún un kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi nǹkan dí táyà kó má lè yí. Ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀rọ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fọ ara àpótí náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde gan-an. Ihò ìmí ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó ra rọ́bà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kun ọ̀dà, ẹ bo ihò náà kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì rántí ṣí i. Inú abọ́ ni kí ẹ gba ọ́ìlì tó ń jò sí, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọ́ìlì àlòkù. Ẹ wo bíréèkì bóyá ọ́ìlì ti kàn án. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ẹ ti dán gbogbo rẹ̀ wò.

Bí ẹni tó mọ̀ bá ní gbólóhùn kan láti sọ, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń díje. Bí ẹnì kan nínú ilé bá sì bi yín pé, "Ṣé kò léwu?", ẹ má dáhùn láìtíì lọ wò ó. Ẹni tó ń bi yín ni yóò gùn ún.