Ẹ̀dà Kẹta

Àga ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó tó rí ẹni tó gbé e. Aránṣọ gíga kan ló gbé àga náà lórí wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ má bínú," ni aránṣọ wí. "Màmá kì í jókòó sága ẹlòmíì, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó sí tiwọn."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ohùn gbígbà sílẹ̀ ló ń ṣe. Ohunkóhun tó bá gbà, ẹ̀dà mẹ́ta ló máa ń ní: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀dà. "Ọ̀nà kan ò wọjà," ló máa ń fi dá wọn lóhùn.

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá lọ́nà ọ̀fun, kò sì dá wọn lójú pé ohùn rẹ̀ á padà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí àwọn ìtàn rẹ̀ wà nílẹ̀.

Nígbà tí aránṣọ jáde lọ bu omi wá, tí ẹ̀rọ ṣì ń gba ohùn sílẹ̀, Màmá tẹjú mọ́ Ìyá Ẹ̀dà. "Látìgbà tá a ti dé ni ọmọ mi ti ń fojú wọ̀n ọ́. Kì í ṣe aṣọ ló fẹ́ rán o." Ló bá ṣàdúrà: "Ẹ ó bára yín kalẹ́. Ẹ ò ní kan ìdin nínú iyọ̀."

Ojú ti Ìyá Ẹ̀dà. Ó gé ibẹ̀ kúrò nínú èyí tí aránṣọ gbé lọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹ̀dà méjì yòókù.

Màmá yè é, ohùn ló lọ. Aránṣọ ò sì yéé yà níbi iṣẹ́ Ìyá Ẹ̀dà.

"Ẹ̀dà mi ń kọ́?" ni aránṣọ á bi í, bí ẹni ń béèrè ènìyàn.

"Ó wà. Ó ní kí n kí ọ."

"Ṣé kò ní àárò mi ń sọ òun?"

"Ẹ̀dà kì í parọ́, ó sọ bẹ́ẹ̀."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. "Olólùfẹ́ mi," ni aránṣọ wí lọ́jọ́ kan, "gbogbo nǹkan lo ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìwọ nìkan ni ò ní. Fẹ́ mi."

Àmọ́ nígbà tí wọ́n sọ fún Màmá, ó kọjú sí ògiri. Ó kọ ọ́ sórí bébà pé: "Ẹnu wo ni màá fi súre?"

"Mi ò lè gbéyàwó láìgbọ́ àdúrà ìyá mi," ni aránṣọ wí, omijé lé téńté sójú rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀dà mọ̀ pé Màmá ti súre, ìnira ló jẹ́ kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, ó sì ti gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó kọrí sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìwọ àti ẹ̀dà ẹ!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Nínú yàrá Màmá ni wọ́n ti gbọ́ ọ. "Kì í ṣe aṣọ ló fẹ́ rán o." Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan àdúrà, ó dọ̀bálẹ̀, Ìyá Ẹ̀dà kúnlẹ̀. Màmá yíjú kúrò lára ògiri. Ètè rẹ̀ mì: àmín.

Ó wá dìde, ó fa Ìyá Ẹ̀dà lọ́wọ́, ó sì fi í jókòó sórí àga rẹ̀.