Ẹni Tí Ìyá Fà Á Lé Lọ́wọ́

Fóònù tún gbọ̀n nínú àpò Tòyíbàt. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn láti àárọ̀, ní ìsọ̀ aṣọ ìyá rẹ̀ ní ọjà Kejetia. Ọmọ náà ò yọ ọ́ wò. Aṣọ tó ti ká tán ló tún tú, ló tún ń ká.

"Ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tó báyìí?" Sẹ̀kínát, ìyá rẹ̀, bi í.

"Dókítà Theophilus ni, Màmá."

"Ọ̀gá yín! Dá a lóhùn, jàre. Kí o sì bá mi kí i."

Ìyá yìí gan-an ló kúnlẹ̀ fún olùkọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gba Tòyíbàt sí yunifásítì, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn, ti ń ṣe fún áfáà ilé-kéwú. Twi, èdè àwọn onílùú ibẹ̀, ló fi sọ ọ́: "Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ ni tèmi. Mo fà á lé yín lọ́wọ́." Ìyẹn ni pé kó tọ́ ọ, kó bá a wí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Tòyíbàt gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ fún un, ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó gbá a níbàdí mú.

"Ṣé ìyá rẹ ò sọ fún ọ pé èmi ni mo ni ẹran ara rẹ?"

Ọmọ náà já ara rẹ̀ gbà. Láti ìgbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wọlé: kó wá sí ilé kan ní àdúgbò Bantama lọ́jọ́ Sátidé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní yege. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Afia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, nìkan ló mọ̀. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, má pa wọ́n rẹ́ o!" ló wí nígbà tó rí wọn. "Ẹ̀rí ni. Ọ́fíìsì tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí wà nínú ọgbà wa."

"Bí ìyá mi bá ní èmi ni mo fa ojú rẹ̀ mọ́ra ńkọ́?" Tòyíbàt bi í nígbà náà.

Ní ìsọ̀, fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀karùn-ún. Tòyíbàt yọ ọ́. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè fún ìyá rẹ̀.

Oníbàárà kan ń béèrè iye aṣọ. Sẹ̀kínát ò gbọ́. "Subuhanallahi," ló wí. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe ń yìn ín?"

"Tòyíbàt! Ta ni mo fẹ́ràn jù ọ́ lọ? Mo ní kó kọ́ ọ níwèé, n ò ní kó fọwọ́ kàn ọ́." Ó fa gèlè so. "Ó yá, síwájú." Ọ̀sán gangan ló ti ìsọ̀ pa.

Madam Akua, obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì tí Afia sọ, gba gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀. "Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ," ló wí. "Láti òní, olùkọ́ mìíràn ni yóò máa wo iṣẹ́ rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá halẹ̀ mọ́ ọ, wá sọ fún mi."

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìwádìí gbà. Àwọn kan ń fi Tòyíbàt ṣe yẹ̀yẹ́: "Hajia Máàkì-Ọ̀fẹ́!" Bí ìròyìn ti ń jà kiri ni ọmọbìnrin méjì yọjú sí Madam Akua, olúkúlùkù pẹ̀lú irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà. Wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, èyí àgbà nínú àwọn méjèèjì di ọwọ́ Tòyíbàt mú. "Ọdún méjì ni mo fi dákẹ́," ló wí. "Mo rò pé èmi nìkan ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́. Ẹnu tí ẹ bá yà lónìí lè tú ẹlòmíràn sílẹ̀.