Ẹṣin Ọ̀dá Kò Tètè Gbàgbé

Jimoh ṣí ọgbà abo ẹṣin bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹṣin ọ̀dá wọlé tọ̀ ọ́.

Kì í ṣe àìmọ̀. Ní ọjọ́ tí Abdulwahab, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ ẹṣin lọ́dàá, tẹ ẹṣin náà, Àbdùlsàlámì, bàbá Jimoh, ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀bẹ ti mú ohun tí ọ̀bẹ lè mú. Kò mú èyí tó wà nínú orí ẹṣin. Bó bá gbóòórùn abo, yóò gùn ún bí ìgbà tó ṣì jẹ́ akọ, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ya. Má jẹ́ kí wọ́n pàdé títí yóò fi jinná. Bó bá jinná, ìwọ ni n ó fa ìjánu rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní eré ẹṣin Iléyá."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jimoh. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju ìjánu náà lọ. Iṣẹ́ ẹṣin ni bàbá rẹ̀ gbé láti Ìlọrin wá sí Kaduna, gbogbo ẹlẹ́ṣin ìlú ló sì máa ń wá wo eré Iléyá. Ọdún 1938 ni, Iléyá sì bọ́ sí ìgbà ọyẹ́.

Silas, ọmọ akọ̀wé rélùwéè tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ìwé, ló dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣí i.

"Kí ló kù lára ọ̀dá tí ẹ̀ ń bẹ̀rù? Haba! Olórí ẹlẹ́ṣin tó ń sá fún ọ̀dá!"

"Ta ló ń sá?"

"Ṣí i, kí n rí i."

Jimoh ṣí i. Ọ̀dá náà na ọrùn, ó gbóòórùn abo, ó yán, ó sì gùn ún bí ẹni pé ọ̀bẹ kò kàn án rí. Silas rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọgbà mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dà sí ìdí abo ẹṣin. Ẹ̀rín dá. Silas sáré lọ sílé. Jimoh fa ọ̀dá padà sí ìso, ó pọn omi, ó sì fọ abo ẹṣin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀dá ti dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Àbdùlsàlámì ránṣẹ́ pe Abdulwahab, ó sì ké títí àwọn ẹlẹ́ṣin àdúgbò fi pé jọ.

"Wò ó! Wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ! Ṣé ẹṣin ni mo ní kí o tẹ̀, àbí màlúù ni mo ní kí o pa?"

Abdulwahab bẹ̀rẹ̀, ó wo ọgbẹ́ náà. Hausa ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. "Málàm, ta ló tú ẹṣin yìí sílẹ̀? Ọgbẹ́ kì í ya báyìí lórí ìso."

Àbdùlsàlámì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Jimoh, ṣé ẹṣin yìí jáde?"

Gbogbo ojú wà lára Jimoh. Ìjánu Iléyá ló rò.

"Rárá, Bàbá. Kò kúrò lórí ìso."

"O gbọ́? Àbí ọmọ mi ló ń purọ́?" Àbdùlsàlámì gbé àpò ọ̀bẹ Abdulwahab, ó jù ú sínú eruku. "Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá tún fún ọkùnrin yìí ní ẹṣin tẹ̀, ikú ló fẹ́ fún ẹṣin rẹ̀!"

Abdulwahab ṣa ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀. "Ọlọ́run ti tó fún mi," ló wí, ó sì lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀dá kú. Àbdùlsàlámì mú aṣọ òtútù lọ bo abo ẹṣin, ó bá a tó ń gbọ̀n. Ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà ní ìdí ìrù, níbi tí omi kò dé.

"Ta ló fọ ẹṣin nínú ọyẹ́?"

Kò sí ọmọ ẹlẹ́ṣin tó ń fọ ẹṣin nínú ọyẹ́. Jimoh kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí ẹgba. Ẹgba kò wá.

"Ẹyin lohùn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ìwọ lo fi lé mi lọ́wọ́. Dìde!"

Wọ́n bá Abdulwahab nínú yàrá rẹ̀ níbi tó ti ń di ẹrù, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Kò ní kí wọ́n jókòó.

"Níta lẹ ti bú mi, inú yàrá lẹ wá ti ń bẹ̀ mí? Ẹ lọ túnṣe níbi tí ẹ ti bà á jẹ́!"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àbdùlsàlámì mú Jimoh dúró níwájú àwọn ẹlẹ́ṣin. Jimoh sọ ohun tó ṣe, ó sì sọ ohun tí Silas wí.

"Ṣé Silas ló wá ṣí ọgbà?" ni àgbàlagbà kan bi í.

"Rárá. Èmi ni."

Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan ní bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, kí ìjà lè parí. Abdulwahab kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ó ti lọ sí Zaria, kò sì padà.

"Ọgbẹ́ ẹṣin ì bá jinná ká ní o sòótọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn," ni Àbdùlsàlámì sọ fún ọmọ rẹ̀. "Orúkọ tí irọ́ rẹ bà jẹ́ kò ní oògùn lọ́wọ́ mi."

Ní ọjọ́ Iléyá, Jimoh dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn tó wá wòran. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlẹ́ṣin kan ní Kaduna, títí kan bàbá rẹ̀, tó tún fa ìjánu lé e lọ́wọ́.