Ìwé Ni Wọ́n Ń Dán Wò

“Àkíbù, kí ni Sẹ̀gilọlá kọ sí ìkẹta?” Japheth fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“‘Bẹ́ẹ̀ ni.’”

“Ìkẹrin ńkọ́?”

“‘Bẹ́ẹ̀ ni’ náà ni. Fi mí sílẹ̀ jàre, ọrùn ń dùn mí!”

Ilé ìwé kan ní Bẹẹrẹ, n’Ìbàdàn, nìyẹn, lọ́dún 1964. Dókítà Olúyẹmí, obìnrin tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ òun ọkàn, ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: “Ẹ̀yin kọ́ là ń dán wò o. Ìwé ìbéèrè yìí là ń dán wò, bóyá ó lè dá ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ mọ̀. Kálukú kọ tirẹ̀.” Ta ní ń gbọ́? Ọmọ tí ẹ ti fi pàṣán kọ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló tọ̀nà, bó bá ti rí bébà, ìwé ẹni tó mọ̀wé jù ni yóò máa yọjú wò! Sẹ̀gilọlá ló ń gba ipò kìíní. Gbogbo ìlà tó jókòó tẹ̀lé e bá da tirẹ̀ kọ, wọn ò tilẹ̀ ka ìbéèrè.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà padà wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lójúkojú, kó lè mọ̀ bóyá ohun tí ìwé wí bá tẹnu wọn mu. Ó pe Àkíbù.

“O kọ ọ́ pé o kì í rí oorun sùn.”

“Èmi kẹ̀? Omi ni ìyá mi fi ń jí mi, mà!”

“O tún kọ ọ́ pé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o má sí láyé mọ́.”

Ara Àkíbù bù máṣọ. Dókítà mí kanlẹ̀. “Bákan náà ni ìdáhùn gbogbo ìlà yín, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìwé ta lẹ jí wò?”

Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, pàṣán lọ́wọ́. Àkíbù wolẹ̀.

“Ó dáa. Ìwé ìlà yín ò wúlò. N ó dà á nù ni.”

Ó yẹ kínú Àkíbù dùn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Sẹ̀gilọlá dá wà lábẹ́ igi ọ̀dán, ó tẹjú mọ́ mọ́ínmọ́ín tí kò fẹnu kàn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni kò ti bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Wọ́n ní ìgbéraga ìwé ló ń dà á láàmú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ!

“Pa ẹnu ẹ mọ́ o,” Japheth ní, nígbà tó rí i pé Sẹ̀gilọlá ni Àkíbù ń wò. “Wọ́n á nà wá, wọ́n á sì pe ọmọ ọlọ́mọ ní wèrè.”

Mọ́tò dókítà ti ń gun òkè Mápó lọ. Àkíbù bẹ́ sáré, eruku bò ó, ó ń gbá ẹ̀yìn mọ́tò gbì-gbì.

“Ẹ má dà á nù, mà! Ọ̀kan níbẹ̀, òótọ́ ni! Ti Sẹ̀gilọlá la wò!”

Dókítà yí mọ́tò padà. Ó pe Sẹ̀gilọlá sí kọ̀rọ̀, ó bi í bóyá òótọ́ ló kọ.

“Èmi nìkan ni mo ka ìbéèrè náà, mà,” ọmọ náà wí, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ ládùúgbò Bẹyẹrúnkà, ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Àkíbù jẹ pàṣán, Japheth sì ń pè é ní olófòófó. Nígbà tó ṣe, Sẹ̀gilọlá bojú wẹ̀yìn ní kíláàsì, ó rẹ́rìn-ín: “Àkíbù, ọrùn ò dùn ọ́ mọ́?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́: àìsàn ọkàn kì í ṣe ẹ̀tẹ́, olófòófó tó gba ẹ̀mí là sì sàn ju ọ̀rẹ́ tó dákẹ́ lọ. Ìdáhùn ìṣirò ṣeé jí wò. Ìrora ẹlòmíì kò ṣeé dà kọ.